Gbólóhùn Tí Mo Tọ́jú fún Táyé

Òórùn gààrí tí wọ́n ń yan lẹ́yìnkùlé ló máa ń jí èmi àti Táyé, èkejì mi, nílé wa ní Igbó-Ọrà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń rántí yìí, ọyẹ́ ti mú, ètè wa ti là, bàbá wa sì dúró níwájú ilẹ̀kùn ilé ìdáná pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Tíṣà ni bàbá wa, ilẹ̀kùn yẹn sì ni pátákó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ló máa ń kọ síbẹ̀ láràárọ̀, ẹni tí kò bá fi ṣe gbólóhùn kò ní fọwọ́ kan ẹ̀kọ. Tí a bá ń kùn, á ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Táyé ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló ń rán Táyé ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Èmi náà a máa lo ipò mi dáadáa: bí omi bá tutù, Táyé ni yóò kọ́kọ́ wẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá le, Táyé ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni "lazy," bàbá sì ṣàlàyé pé ọ̀lẹ ni. Táyé ò tiẹ̀ ronú. "Kehinde is lazy," ló wí. Màmá wa rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó. Mo ní kò burú, tó bá di ọjọ́ kejì èmi náà á gbẹ̀san.

Ọjọ́ kejì, ara Táyé gbóná bí iná. Bàbá gbé e sáàárín ara rẹ̀ àti ọlọ́kadà, wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí mo tún rí bàbá, òun nìkan ló dé, àwọn ará ilé sì ti kún pálọ̀. Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, fà mí mọ́ra.

"Táyé ti lọ sí Ìlú Ọba," ni wọ́n wí. "Ó lọ ra iyọ̀ wá."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. A kì í sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ kú, kó má baà tẹ̀ lé e. Èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ìlú Ọba ni àwọn Òyìnbó ń gbé, àti pé Táyé tún ti ṣáájú mi lọ tọ́ ibẹ̀ wò. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí: tó bá pẹ́ lọ́hùn-ún, á gbàgbé Yorùbá, a ò sì ní lè bára wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ò tó mi mọ́, mo ń bẹ bàbá pé kó kọ méjì. Táyé ni mo fi ń ṣe gbogbo gbólóhùn mi: Táyé ń ra iyọ̀, Táyé wọ bàtà tuntun, Táyé ń bọ̀. Bàbá á ní, "Ó dáa," á kọjú sí ilẹ̀kùn, á máa nu ohun tó kọ. Tí màmá wa bá ra aṣọ fún mi, méjì ló ń rà, á fi èkejì sínú àpótí. Mo rò pé ó ń tọ́jú rẹ̀ de Táyé.

Mo ti dàgbà díẹ̀ nígbà tí tíṣà tó ń kọ́ wa ní èdè Òyìnbó nílé ìwé kọ "passed away" sójú pátákó. Ó ní bí wọ́n ṣe ń rọra sọ pé ènìyàn kú nìyẹn, kí ẹnì kan fi ṣe àpẹẹrẹ. Bọ́sẹ̀, tí a jọ ń jókòó, nawọ́. Kò ní mí sínú, àpẹẹrẹ ló ṣáà ń wá. Ó ní, "Kehinde's sister passed away."

Mo wo tíṣà, mo ń retí kó sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Bọ́sẹ̀ jókòó. Kò bá a wí, kò sì tún un ṣe.

Inú bí mi sí gbogbo ará ilé wa. Mo rìn délé, mo fẹ́ pariwo, àmọ́ bàbá wà níwájú ilé, ó ń gé ṣọ́ọ̀kì sí méjì fún ọjọ́ kejì, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, "letter" ló kọ sára ilẹ̀kùn. Mo sọ fún un pé Táyé máa kọ lẹ́tà sí mi. "Ó dáa," ló wí. Títí di òní, bàbá ò mọ̀ pé mo ti mọ̀.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ibi iṣẹ́ mi rán mi lọ sí Ìlú Ọba. Ní pápákọ̀ òfuurufú, obìnrin Òyìnbó tó ń yẹ ìwé wò bi mí bóyá mo mọ ẹnikẹ́ni nílùú wọn. Ọmọdé tí mo jẹ́ níwájú ilẹ̀kùn ilé ìdáná ì bá ti dá a lóhùn kó tó parí ọ̀rọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tó ti tọ́jú gbólóhùn náà sẹ́nu: àbúrò mi ń gbé níbí, ó wá ra iyọ̀.

Èdè Òyìnbó mi dán mọ́rán, mi ò kólòlò. Mo ní mi ò mọ ẹnì kankan. Ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi, ó ní kí n máa kọjá.