Ẹní Ìyá Kalolaine

Ká má tan ara wa, ìlara ń yọ Kalolaine lẹ́nu, kì í sì í ṣe kékeré. Láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀, Pauliasi, ti lọ ń já èso lóko òyìnbó ní Ọsirélíà ni ẹrù tuntun ti ń wọ ilé ʻOfeina, ìyàwó àbúrò náà. Táìlì lónìí, fírísà lọ́la. Ìdàgbàsókè làwọn ará abúlé ń pè é. Kalolaine ní ariwo lásán ni.

Lọ́jọ́ tí fírísà dé, ó wò ó tòkè-tilẹ̀. “Ìyàwó wa, ta ló kú tẹ́ ẹ fi gbé pósí wọlé?”

ʻOfeina bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ ò níí pa mí, Àǹtí! Tiyín náà ni o. Ẹ máa gbé ẹja yín wá.”

Ẹ̀rín yẹn gan-an ló dun Kalolaine jù.

Nǹkan kan ló fi ń gbéra ga: ẹní àtàtà, irú èyí tó jẹ́ ọrọ̀ ìdílé ní Tonga, tí ìyá rẹ̀ fi ọdún méjì hun. Eku ti jẹ etí rẹ̀ kan rí, màmá sì fi òwú pupa dí i. “Ẹ̀yin ní fírísà, èmi ní ẹní,” ló máa ń wí. “Owó èso kankan ò lè ra ìyẹn.”

Àṣé irọ́ ni! Nígbà táwọn obìnrin Tonga tó ń gbé Ọsirélíà ránṣẹ́ pé àwọn ń wá ẹní àtijọ́ rà, Kalolaine rọra fà á yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tà á, ó sì fi ra fírísà tó tóbi ju ti ʻOfeina lọ. Ẹni tó bá béèrè ẹní, á ní ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tó yá, ọmọ Pauliasi obìnrin fẹ́ lọ sílé ọkọ. Ní Tonga, arábìnrin bàbá ìyàwó ni ọba ọjọ́ yẹn, òun ni wọ́n ń fún ní ẹní tó dára jù. Kalolaine jókòó síwájú, ó yọ ètè. “Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí olówó fẹ́ gbé fún mi.”

Wọ́n tú ẹní náà. Òwú pupa wà létí rẹ̀.

Àwọn èrò ń pariwo, “ʻOfeina, o ṣe bẹbẹ!” ʻOfeina kúnlẹ̀, ó tẹ́ ẹní lé e lẹ́sẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí.

“Orí fóònù ni mo ti rí àwòrán rẹ̀, Àǹtí, tí wọ́n tún fẹ́ tà á. Mo dá òwú màmá mọ̀. Mo ní Pauliasi gbọ́dọ̀ rà á padà. Mi ò sọ fún ẹlòmíràn pé ẹ tà á.”

Kalolaine wá yẹ̀yẹ́ lójú ʻOfeina títí, kò rí i. Inú wá bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ti ṣe ìlara táìlì, ó ti ṣe ìlara fírísà, ìyẹn ṣeé rà. Kí ni yóò wá tà báyìí, tí yóò fi ra irú inú rere tí ìyàwó Pauliasi yìí ní?