Kí Ọwọ́ Kọ́kọ́ Móoru Ná

Ọwọ́ ọ̀tún mi ló ti ń bọ́ mi láti ìgbà tí mo ti gbòmìnira nídìí iṣẹ́ aṣọ rírán. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, mo sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé wọ́n máa ń fi mí júwe ọ̀nà fún àlejò. Aṣọ iṣẹ́ ni mo ń rán jù, àwọn ófàróòlù tó nípọn tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Apapa máa ń wọ̀. Aṣọ yẹn kì í ṣe èyí tí àlùmọ́gàjí ń gé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára.

Lọ́dún tí mo pé àádọ́ta, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ lọ́wọ́ mi. Ife ló kọ́kọ́ jábọ́, mo ní ọṣẹ ara rẹ̀ ló fà á. Nígbà tó yá, mi ò lè ṣí ìdérí ìgò oyin mọ́. Ọjọ́ tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bọ́ lọ́wọ́ mi, tó balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, lẹ̀rù tó bà mí. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà na ìka méjì sí mi pé kí n fi ọwọ́ ọ̀tún mi fún un pọ̀.

“Ẹ fún un dáadáa, Mà.”

“Mo ti ń fún un látàárọ̀,” ni mo dá a lóhùn.

Ó gbójú sókè wò mí, kò sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣàyẹ̀wò, wọn ò rí àrùn kankan. Ó ní iṣẹ́ kan náà tí mo ti ń fi ọwọ́ yẹn ṣe láti ọdúnmọ́dún ló jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́, pé kí n wá ẹni tó máa kọ́ mi bí ọwọ́ ṣe ń padà lágbára láti di nǹkan mú.

Oníbàárà mi kan ló sọ fún mi nípa bàbá kan tó máa ń kọ́ àwọn èèyàn láràárọ̀ Sátidé ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sí wa. Gólì ni bàbá náà nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ti ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bíi mẹ́ta. Ojú tì mí díẹ̀ láti lọ, torí àwọn géńdé tó ń gbẹ́rù ní wáàfù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀, mo kírun àárọ̀ tán lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wọ sòkòtò sábẹ́ ìró, mo lọ.

Kóòṣì ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ata ilẹ̀. Apá Delta làwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì já geere, àfi tí Píjìn bá yọ wọ inú rẹ̀.

Mo rí táwẹ̀lì tí wọ́n fi kọ́ sórí irin, tí àwọn géńdé náà ń rọ̀ mọ́. Mo rí garawa yanrìn tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀, tí wọ́n á máa fún yanrìn náà nínú rẹ̀. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìkankan. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́ títí á fi gbóná. Lẹ́yìn náà, kí n máa dì í, kí n máa tú u ká, kí n yí ọrùn-ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì, kí n rọra fa ìka kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ àárọ̀ ọyẹ́, ó máa ń gbé omi tó lọ́ wọ́rọ́ wá kí gbogbo wa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

“Kóòṣì, ṣé bá a ṣe máa ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú nìyí?” ni mo bi í.

“Mádàámù, tẹ́ ẹ bá jí ẹni tó ń sùn lójijì, tẹ́ ẹ ní kó gbé àpò sìmẹ́ńtì, ṣé á lè gbé e? Ọwọ́ yín still dey sleep. Ẹ jẹ́ kó jí ná.”

Mo ń ṣe é, ṣùgbọ́n bí ẹni ń fi àkókò ṣòfò ló ṣe rí lójú mi. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ọwọ́ mi ti yàtọ̀. Mo ń fún yanrìn, mo ń rọ̀ mọ́ táwẹ̀lì fún ìgbà díẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi tó kanlẹ̀. Mo tilẹ̀ ṣí ìgò oyin fún ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì rí i dájú pé àwọn èèyàn rí mi. Ìgbéraga ti wọ̀ mí lára, kí n má parọ́.

Sátidé kan nínú òjò ni mo bà á jẹ́. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ fún mi, ófàróòlù tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí ìgbà yẹn. Mo pẹ́ dé, òjò ti pa mí lọ́nà, ọwọ́ mi tutù bí ẹja inú yìnyín. Àwọn yòókù ti ra ọwọ́ wọn tán. Kóòṣì kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Mo bọ́ bàtà, mo nawọ́ gán táwẹ̀lì, mo sì ju gbogbo ara mi sí i. Nǹkan kan já nínú ìka ọwọ́ ọ̀tún mi tí mo ń wọ òrùka sí. Kò dún sétí, inú ara ni mo ti gbọ́ ọ, bí ìgbà tí òwú bá já lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ki ọwọ́ bọ báàgì, mo ní mo ń kánjú, mo lọ sílé. Kó tó di ọ̀sán, ìka náà ti wú débi pé ọṣẹ ni mo fi bọ́ òrùka. Mi ò lè di àlùmọ́gàjí mú. Sátidé méjì kọjá, mi ò yọjú sí pápá.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Kóòṣì fúnra rẹ̀ yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo tètè fi ọwọ́ sábẹ́ tábìlì.

“Ẹ jẹ́ n rí i.”

“Kí lẹ fẹ́ rí?”

“Ohun tẹ́ ẹ fi pa mọ́.”

Mo gbé e jáde. Ó rọra dì í mú, ó tẹ̀ ẹ́ níbi méjì, ó wá jókòó sórí àpótí. Ó ní ó yẹ kí dókítà rí i lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ tirẹ̀ sí mi.

“Lọ́jọ́ tí èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ṣẹlẹ̀, orí bẹ́ńṣì ni mo jókòó sí. Gólì wa fara pa, wọ́n ní kí n wọlé. Òjò ń rọ̀, mi ò tíì ra ọwọ́ mi rárá. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó dé, ìka méjì yẹ̀.”

“Kí lẹ wá ṣe?”

“Mo ṣọ́lé títí eré fi parí. Ẹnì kankan ò bi mí, èmi náà ò sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé e kiri.” Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. “Ó ti burú tán kí n tó sọ.”

Mo wá sọ fún un pé kì í ṣe ìka ló ń jẹ mí lọ́kàn jù, aṣọ tó wà lórí tábìlì ni. Mo ti fi ẹfun sàmì sí i láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, mi ò lè gé e.

Ó dìde. “Ṣé orí ilà funfun yìí ni?”

“Kóòṣì, ẹ fi í sílẹ̀.”

Ó ti mú àlùmọ́gàjí. Ó tún gbé e sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́ dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ń wò ó. Àkọ́kọ́ tó gé wọ́, mo rẹ́rìn-ín láìmọ̀.

“Ẹ má jẹ́ kí ẹnu àlùmọ́gàjí pa dé tán kẹ́ ẹ tó tún sún un síwájú.”

“Báyìí?”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ rọra.”

Òwúrọ̀ mẹ́ta ló fi wá gé e. Èmi ń sàmì, ó ń gé, mo sì ń fi ọwọ́ òsì darí aṣọ lórí máṣíìnì. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi bándéèjì so ìka náà mọ́ èkejì rẹ̀, wọ́n ní iṣan ló nà, kò já. Aṣọ náà pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rin, àwọn tó ni ín kùn, wọ́n sì gbà á.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo kíyè sí i pé aṣọ tí Kóòṣì ń wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ò ní bọ́tìnì kankan. Èyí tí wọ́n ń gba orí wọ̀ ni gbogbo wọn. Mo bi í, ó ní bọ́tìnì ti ń sá lọ́wọ́ òun ọjọ́ ti pẹ́. Mo wọn ọrùn rẹ̀ àti èjìká rẹ̀, mo rán ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan fún un. Dípò bọ́tìnì, mo lo ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra wọn, irú èyí tó máa ń wà lára bàtà ọmọdé, mo sì fi ìgbátí aṣọ bò ó. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó jókòó, ó gba omi mu, ó dúpẹ́ títí. Ó wá ń fọwọ́ pa ìró rẹ̀.

“Ṣé ẹ rí i, láti ọjọ́ pípẹ́ wá, èmi ni mo máa ń bá a de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láràárọ̀ Sọ́ńdè. Ibẹ̀ la ti máa ń sọ̀rọ̀. Ní báyìí, ó ń dá wọṣọ. Èmi á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.”

Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì náà yọ látinú láílọ́ọ̀nù. Ó bẹ̀ mí pé kí n fi bọ́tìnì kan ṣoṣo sí i, lọ́rùn, níbi tí ọkọ òun ò ti ní lè dè é fúnra rẹ̀. Mo wá èyí tó tóbi díẹ̀ nínú agolo mi, mo sì rán an síbẹ̀ lójú rẹ̀.