Tíṣà Wa àti Ìtàn Ìtàgé Gẹ̀ẹ́sì

Bí mo bá ti rí ẹni tó ń fá irùngbọ̀n, ìyá tó kọ́ wa ní lítíréṣọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ni mo máa ń rántí. Ìtàn àwọn òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í tán lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní láyé àtijọ́, ọkùnrin ló ń ṣe obìnrin lórí ìtàgé níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọba wá wòran, eré ò bẹ̀rẹ̀. Ọba bínú, ni àwọn òṣèré bá ní kó jọ̀ọ́, ayaba ṣì ń fá irùngbọ̀n. Tíṣà nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìntì, àwọn ló ń darí eré ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó olórí akọrin àti ìyá ìjọ ń jà du ipò ayaba inú eré náà, wọn ò kí ara wọn mọ́. Tíṣà bá gbé e fún bàbá ìjọ, onírùngbọ̀n yẹ̀úkẹ́.

"Èmi kẹ̀, Tíṣà?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì."

Bàbá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní fá irùngbọ̀n. Nígbà tó ku díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin méjèèjì wò wọ́n nínú gèlè, wọ́n ní ayaba yìí máa dójú ti obìnrin. Ọ̀kan gbé dígí, èkejì po ọṣẹ.

Aago eré kọjá. Fíkà ìjọ wa dìde, wọ́n ní kí ló dé.

Tíṣà jáde síwájú ìjọ, wọ́n tún awò ojú wọn ṣe. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ayaba ṣì ń fá irùngbọ̀n."

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.