Ohùn Bàbá Wa Nínú Háàdì Díráìfù

Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá wa, wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà wọn gba ohùn ara wọn sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ bí àwọn baba ńlá wa ṣe fi ọkọ̀ ojú omi kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́. Kò sí ibòmíràn tí ohùn náà wà. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń tọ́jú bàbá, pè mí ní Ìkòròdú pé kí n tètè wá kó ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo ra háàdì díráìfù kan ní Itamaga, ní Ìkòròdú níbẹ̀, mo sì wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bàbá jókòó sórí àga ní pálọ̀, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo kó gbogbo rẹ̀ tán, mo ṣí ọ̀kan nínú àwọn ohùn náà láti inú díráìfù, kí n lè mọ̀ bóyá ó wọlé dáadáa. Bàbá gbọ́ ohùn ara wọn, omi sì bọ́ lójú wọn. N kò lè wò wọ́n. Mo dá ohùn náà dúró.

Mo tẹ ibi tí a fi ń yọ díráìfù. Kọ̀ǹpútà ní nǹkan kan ṣì ń lò ó. Mo tún un tẹ̀, ohun kan náà ló sọ. Ojú rẹ̀ wá ń ṣẹ́jú, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ kú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ṣebí o ti kó o tán? Fà á yọ jàre.”

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti fa tirẹ̀ yọ bẹ́ẹ̀ rí, àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ṣí mọ́ láé. Tí mo bá fà á, ó lè bàjẹ́. Tí mo bá sì ń dúró, kọ̀ǹpútà lè kú nígbà tí díráìfù ṣì wà lára rẹ̀.

Bàbá rọra gbé ọwọ́ wọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ohùn wọn ṣì wà níbẹ̀ ní ṣíṣí. Mo kàn dá a dúró ni, n kò pa á dé. Mo pa á dé, mo tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní mo lè yọ ọ́. Mo dúró títí iná díráìfù fi kú, mo ṣe Bismillahi, mo yọ ọ́.

A kò tíì jẹun ọ̀sán tán tí kọ̀ǹpútà náà fi kú, kò sì jí mọ́.

Mo gbá báàgì mọ́ àyà dé Ìkòròdú. Nígbà tí mo so díráìfù mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi, n kò kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni bàbá wúkọ́, wọ́n ní, “Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi.”

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé fóònù sítòsí ohùn náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní bàbá dijú, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Mo ti ṣe ẹ̀dà mìíràn báyìí. Síbẹ̀, tí mo bá fẹ́ yọ díráìfù náà, mo ṣì máa ń kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà.