Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta Ni A Ń Kí Ìyá

Nígbà tí mo ṣì kéré, kí àwọn Òyìnbó tó kó ẹrù wọn lọ, ilé wa nìkan ni giramafóònù wà ní gbogbo ojúlé tó yí wa ká ní Gawon Nama, ní Sókótó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àpótí ni, ó ní ọwọ́ tí a ń yí kí ó tó ṣiṣẹ́, ó sì ní abẹ́rẹ́ tí ń rìn lórí àwo dúdú. Bàbá mi tí ń ta aṣọ ní Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú, ló rà á. Àwo wáká kan ṣoṣo tí a ní, láti Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú wa ni wọ́n ti fi ránṣẹ́. Ó wọ rélùwéè dé Gusau, ó wọ lọ́rì dé Sókótó lábẹ́ ẹrù ẹlẹ́rù. Kí ó tó dé ọwọ́ wa, nǹkan ti ha á lára.

Orin ìdágbére ìyàwó ni. Bí olórin bá dé ibi tó ti ń sọ pé "Ẹ bá mi kí ìyá," abẹ́rẹ́ á há. Kí ìyá, kí ìyá, kí ìyá, bàbá mi á wá fi ìka kan tì í, orin á máa lọ. Èmi tí wọ́n bí sí Sókótó, tí n kò fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí, báwo ni n óò ṣe mọ̀ pé àwo ló há? Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé nìyẹn. Mo tilẹ̀ rò pé ara iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni ìka bàbá mi.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ so yìgì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ọkọ ń mú un lọ sí Kánò, òun fúnra rẹ̀ ló ní èmi ni kí n lé orin náà kí òun tó jáde nílé. Inú mi dùn, mo ń kọ ọ́ kiri débi pé ewúrẹ́ ilé wa gan-an mọ orin yẹn tán. Àfi bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Àgbà olórin ni nílé, ohùn rẹ̀ dùn, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́ lọ.

Ọ̀sán gangan ni. Àgbàlá kún fún obìnrin, tiwa àti ti àwọn Hausa aládùúgbò tí wọ́n máa ń wá gbọ́ àpótí náà. Mo lé orin. Mo dé ibẹ̀, mo ní kí ìyá, kí ìyá, kí ìyá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, ó gbọ́wọ́ sókè kí àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró.

"Ta ló kọ́ ọ pé kó o máa kólòlò? Ẹ̀ẹ̀kan là ń pè é, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá orin yìí sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá bì lẹ̀yin ọmọ Sókótó ń gbé mì. Orin tòótọ́ kì í ti inú àpótí wá. Jókòó, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ ọ́."

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlẹ̀ lọ. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́ ìbòrí rẹ̀, omi ti lé sí i lójú. Ìtìjú mi bá di ìbínú. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, n kò lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe mọ̀ ọ́n nìyí."

Mo tún un lé láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, gbogbo obìnrin wa pa ẹnu dé, wọ́n ń wojú àgbà. Àwọn Hausa tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọn kò gbọ́ Yorùbá ju orin yẹn lọ, àwọn ló gbè é. "Kí ìyá, kí ìyá, kí ìyá!" Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ na ìka, ó ti afẹ́fẹ́ síwájú bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe. "Madalla!" ni èkejì ké láti fi yìn mí. Ìyá mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, ó gbè é pẹ̀lú ẹkún. Orin yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi jáde nílé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò gbà títí tó fi kú. Kò burú. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìyàwó tó jáde lágbo ilé wa tí a kò kí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ayé wá yí. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi gbé fóònù wá. Wọ́n ti fọ orin ọjọ́sí náà mọ́, kò há mọ́, kò sí ariwo. "Màmá, ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan ni. Èyí ni ojúlówó." Ẹ ò rí nǹkan! Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n ní irọ́ ni tèmi nítorí inú àpótí ló ti wá. Mo dàgbà tán, wọ́n tún fi àpótí jẹ́rìí pé irọ́ ni. N kò gba èyí, n kò gba tọ̀hún. Orin tí ìyá mi fi sunkún ni ojúlówó lójú tèmi, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ kọ tirẹ̀.

Lẹ́yìn fídáù mi, ẹ gbé ẹ̀rọ tó bá wù yín jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibẹ̀, tí ẹ kí ìyá lẹ́ẹ̀kan péré, n óò dìde jókòó nínú sàréè.