Orpha Stidham àti Bọ́ọ̀lù Tó Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Delbert

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Orpha Stidham ti ń fọ aṣọ àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, lórí òkè Kentucky níbí. Ilé kan péré ló wà láàárín ilé tèmi àti tiẹ̀, gbà á lẹ́nu mi. Kò sẹ́ni tó ń fọṣọ mọ́ bíi tiẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ sọ fún ẹ.

Tó bá da aṣọ ìdọ̀tí sílẹ̀, á ka ìdíje náà fún ẹ bí ẹni ka ìwé.

"Wo ti Thurman. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti fẹ̀ bí àpò àgbàdo. Wọ́n fà á títí, kò kúrò lábẹ́ àwọ̀n."

Thurman ló ń kó bọ́ọ̀lù tó bá kọlu irin ẹnu àwọ̀n tó ta padà. Tí aṣọ ọmọ gìrìwò kan bá gbẹ, Orpha á yínmú: "Eléyìí kàn wá dúró bí òpó iná ni."

Lẹ́yìn Kérésì tó kọjá, a bẹ̀rẹ̀ sí pàdánù. Bọ́ọ̀lù tó ń ta padà, àwa là ń kó jù. Lọ́sàn-án Sátidé kan, a kó mọ́kànlélógójì, àlejò kó mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹtàlélógún la sọ bọ́ọ̀lù nù sọ́wọ́ wọn. Delbert Napier, ọmọ tó ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ látẹ̀yìn, ló sọ mẹ́wàá nù nínú ẹ̀. Kóòṣì Hensley ní ọmọ náà ò ní sí lára àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀ ìdíje Ọjọ́rú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, à ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo nílé Orpha.

"Delbert ò lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù mọ́," ló wí.

"Aṣọ lo mọ̀ ọ́n wò, o ò wo èèyàn," mo dá a lóhùn. "Ìgbà wo ló ń sọ ọ́ nù? Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì ni. Tí wọ́n bá ti sinmi, tí wọ́n fi tówẹ́ẹ̀lì tó o fọ̀ nu òógùn tán, bọ́ọ̀lù á di ẹja lọ́wọ́ ẹ̀. Thurman tó ń fi ṣòkòtò nuwọ́ bí ọmọ tí ò níyàá, ṣé tiẹ̀ ń bọ́?"

Orpha gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó mú tówẹ́ẹ̀lì kan nínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ tó fọ̀, ó da omi sórí tábìlì, ó nù ún. Omi ń sá káàkiri bí ìgbà tí wọ́n da omi sẹ́yìn igbá.

"Oògùn olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ yẹn ni," ló wí. "Àwọn ọmọ ní tówẹ́ẹ̀lì ń ha àwọn lára. Mo bá ń dà á sí i, kó lè rọ̀."

"Ó rọ̀ lóòótọ́. Kò kàn mu òógùn mọ́ ni. Òróró lò ń fi pa wọ́n lọ́wọ́."

"Panu mọ́, jẹun."

Ó ká tówẹ́ẹ̀lì náà. Ó wá ní, "Tí mo bá rọra fi ọtí kíkan fọ̀ ọ́ kúrò, ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Ìwọ!"

"Delbert náà á sì wà lórí bẹ́ǹṣì."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó gba ọ́fíìsì kóòṣì lọ tòun ti tówẹ́ẹ̀lì àti ife omi kan. Mo tẹ̀ lé e. Irú ẹ̀ kọ́ ni mò ń jẹ́ kó fò mí. Ó da omi sórí tábìlì ọkùnrin náà.

"Mama Orpha! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Nù ún."

Kóòṣì nù ún, ó nù ún, omi ò lọ.

"Èmi ni mo ba tówẹ́ẹ̀lì jẹ́," ni Orpha wí. "Èmi ni mo sọ bọ́ọ̀lù yẹn nù. Dá ọmọ ọlọ́mọ padà sáyè ẹ̀."

"Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, Mama?"

"Mẹ́jọ. Méjì tó kù, ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn bẹ́ǹṣì yín ni Delbert ń wò."

Kóòṣì rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́.

Lọ́jọ́rú, Delbert wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án péré la sọ bọ́ọ̀lù nù, a sì fi àmì mẹ́fà borí. Delbert wá bá Orpha lẹ́yìn ìdíje.

"Ẹ ṣé, Mama. Àmọ́ tówẹ́ẹ̀lì yìí le bí èèpo igi, ó sì ń rùn bí ọtí kíkan."

"Ojú ẹ náà ò fi bẹ́ẹ̀ dán. Ju tówẹ́ẹ̀lì náà sílẹ̀ kí n rí i fọ̀."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ síbàdí, ó ń kọrin lọ sídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ ẹ̀.