Mo Lọ sí Muṣin Lọ Mú Ẹ̀gbọ́n Mi Wálé

Wọn kò tíì pe ìrun ìdájí ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa nígbà tí mo gbé ẹrù mi síta. Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sí gáréèjì wo ẹrù náà títí, ó ní ṣé mò ń kó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ pátápátá ni. Èlùbọ́ láfún wà níbẹ̀, ata gbígbẹ wà níbẹ̀, máńgòrò sì wà níbẹ̀ tí mo fi ewé wé lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà fọ́. Mo ní rárá, èèyàn ni mo fẹ́ lọ mú wá. Inú mi dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ẹni tí mo fẹ́ lọ mú ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Láyíwọlá, àkọ́bí bàbá wa. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, òun nìkan ló sì ń dá gbé yàrá kan ní Muṣin. Ní oṣù tó kọjá, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà níwájú ilé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pè wá lórí fóònù. Ẹbí jókòó lé e lórí, a ní ó tó gẹ́ẹ́, Èkó ló ń ba ara rẹ̀ jẹ́, kó máa bọ̀ nílé. Yàrá rẹ̀ wà nínú ilé bàbá wa. Láti ìgbà tí bàbá wa ti yà á sọ́tọ̀ fún un, ẹnikẹ́ni kò gbé inú rẹ̀ rí. A tún òrùlé rẹ̀ ṣe, èmi fúnra mi ni mo sì ra ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún.

Owó ọkọ̀ dé Òṣòdì jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Mo ná awakọ̀ náà títí, kò yọ kọ́bọ̀ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà kí n gbé ẹrù mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀yọ́ gbọ̀n wá bí ẹni ń jọ gàrí. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa ni mo mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi jáde, nítorí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ jogún àìsàn yìí lọ́wọ́ ìyá wa. Ní Ọ̀yọ́ mo ra ẹ̀kọ tútù àti àkàrà, mo jẹun, mo yọ hóró oògùn kan nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, mo fi omi lé e. Sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn mi kì í pé. Wọ́n máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé e ní àárín gbọnrangandan ni. Mo rò pé bí ará Èkó ṣe ń pín oògùn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí oògùn Èkó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ṣiṣẹ́. Òun wà nídìí ààrò ní Muṣin, èmi wà ní ilé ìkẹ́rùsí wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà ló ń gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ fẹ́ bá ọ̀gá ṣe àdéhùn lórí àwọn tó bá fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú ohun tó bá wù ú. Àwọn ará Èkó ní kí owó oṣù ìfẹ̀yìntì àwọn kéré, ṣùgbọ́n kí ilé iṣẹ́ máa san owó ilé ìwòsàn àwọn. Àwa ará òkè ní owó ni kí wọ́n kó lé wa lọ́wọ́. A ní kí la fẹ́ fi ilé ìwòsàn ṣe, ṣebí ará Èkó tó ń jẹ ìrẹsì òyìnbó ló ń ṣàìsàn, àwa tí à ń jẹ isu oko ara wa le. Gbogbo wa la nawọ́ sókè. A tún pàtẹ́wọ́.

Báyìí o, owó ìfẹ̀yìntì mi fi díẹ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ, àmọ́ oògùn mi lóṣù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ mì. Nígbà tí mo ráhùn fún un, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ilé ìwòsàn àwọn ń fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní ti ara rẹ̀ àti ti ẹbí rẹ̀ kan. Láti ìgbà náà, lóṣooṣù, ó máa ń di oògùn sínú ọ̀rá, á fi rán awakọ̀ sí mi. Mo máa ń gbàdúrà fún ilé ìwòsàn náà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí a kúrò ní Ìbàdàn, awakọ̀ bi mí léèrè ohun tí mo ń lọ ṣe, mo sọ fún un.

Ó ní, "Màmá, ṣé Bàbá fúnra wọn ti gbà láti wá?"

Mo ní, "Kí ni wọ́n tún fẹ́ máa ṣe ní Èkó?"

Ó ní, "Mo kàn béèrè ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti gbé lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lọ mú èèyàn nìkan ni mo tún máa ń gbé padà."

Mo kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Òṣòdì.

Láti Òṣòdì mo wọ ọkọ̀ lọ sí Muṣin. Lọ́dọ̀ tiwa, tí èèyàn bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, yóò bẹ awakọ̀ pé kó jọ̀ọ́ já òun sílẹ̀ níwájú. Ní Èkó, ẹ ó pariwo "Ó wà o!" ni, ìyẹn ni pé ẹni tó fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ wà. Mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́, wọ́n gbé mi kọjá ibi tí mo ń lọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo tún fún oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi padà, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ilé tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní yàrá lọ́tùn-ún lósì. Àwọn mẹkáníìkì ń lu irin ní iwájú, aránṣọ kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi kànga la máa ń pọn lọ́fẹ̀ẹ́ nílé, níbí kẹ́ẹ̀gì kan jẹ́ igba náírà. Ẹ̀gbọ́n mi jáde wá, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ti rù. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò rù rárá.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, o sanra. Ṣé bisikíìtì tó ṣẹ́kù ní ilé ìkẹ́rùsí lo ń jẹ ni?"

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́. Yàrá yín ti ṣe tán."

Ó mú máńgòrò kan, ó gbóòórùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó bi mí pé ọ̀dà wo la fi kùn ún. Mo ní àwọ̀ bisikíìtì tó jinná ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọ̀la ni ọjọ́ ilé ìwòsàn àwọn, kí a kọ́kọ́ ti ibẹ̀ dé.

Ní òwúrọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó pè wá lórí fóònù wá bá wa. Bàbá Mùsìlí ni wọ́n ń pè é, ìdí ìdìpọ̀ bisikíìtì sínú páálí ló ti fẹ̀yìn tì. Àwọn arúgbó yìí kò pe ara wọn lórúkọ o. Orúkọ ibi tí oníkálùkù ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ títí dòní.

Bàbá Mùsìlí ní, "Ààrò, ṣé o jí dáadáa?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo jí, Páálí."

A wọ kẹ̀kẹ́ gba Ìtìrẹ́ lọ sí Súrùlérè, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwòsàn náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó mọ́, fáànù ń ṣiṣẹ́, àwọn tó fẹ̀yìn tì sì kún orí bẹ́ńṣì. Ìyẹ̀fun wà níbẹ̀, Mọ́tò wà níbẹ̀, Géètì náà wà níbẹ̀, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rántí àwa ará òkè bí a ṣe pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ ìpàdé, ojú tì mí díẹ̀.

Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi wọlé, mo tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì wé nǹkan mọ́ ọn lápá, ó wo ẹ̀rọ, ó tún un wò.

Ó ní, "Bàbá, ó tún ti lọ sókè. Ṣé ẹ ń lo oògùn yìí lójoojúmọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mò ń lò ó."

"Bàbá, tẹ́ ẹ bá ń lò ó bí mo ṣe ní kẹ́ ẹ lò ó, kò yẹ kó rí báyìí. Òòyì tó gbé yín ṣubú yẹn ńkọ́? Ẹ ò fẹ́ kó di rọpárọsẹ̀ o."

Ó kó oògùn oṣù tuntun sórí tábìlì. Sáṣẹ́ẹ̀tì náà pé pérépéré, sísọ́ọ̀sì kò kàn án. Mo dúró kó kó ti ẹbí, kò kó o.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ti ẹbí wọn ńkọ́?"

Ó ní, "Ti ẹbí báwo, Màmá?"

"Èyí tí ẹ máa ń fún ẹbí wọn kan."

"Kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹni tó fẹ̀yìn tì nìkan la ń fún. Ìyàwó ilé gan-an kò sí nínú àdéhùn wọn."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń wo fáànù. Mo jókòó sórí àga tí wọn kò fi lọ̀ mí. Oògùn rẹ̀ ló ń gé sí méjì. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbé ìlera ẹ̀gbọ́n mi mì, tí mo sì ń sọ fún ẹbí pé Èkó ló ń pa á.

Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá ẹ̀gbọ́n mi lè máa gba oògùn náà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó mi orí. Ó ní ilé ìwòsàn yìí nìkan ni ẹ̀ka Èkó bá ṣe àdéhùn, ẹni tó bá sì kúrò ní Èkó, oògùn rẹ̀ dúró síbí.

Ìgbà tí a dé yàrá ni mo bú sẹ́kún.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ fẹ́ pa ara yín nítorí mi. Ta ló bẹ̀ yín?"

Ó ní, "Kí ni kí n máa fi odindi ṣe, kí ìwọ máa wò mí?"

Bàbá Mùsìlí, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ní, "Àbúrò, mo bá a jà títí. Ó ní tí mo bá sọ fún yín, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mi ò ní gba ìdajì kankan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àti pé kò ní bá mi lọ sílé. Ọ̀rọ̀ kejì yìí korò lẹ́nu mi bí ìgbà tí mo bú èèyàn. Ọkàn rẹ̀ wà nílé, mo mọ̀. Bó ṣe gbóòórùn máńgòrò yẹn ṣì wà lójú mi. Ó gbọ́, ó ní kò burú. Kíá ló gbà, ó yẹ kí n ti fura.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó sìn mí dé Òṣòdì. Ó ra búrẹ́dì ńlá kan fún mi, ó di ọ̀rá rẹ̀ kókó fúnra rẹ̀, ó ní mi ò gbọdọ̀ tú u títí n ó fi délé, kó má baà gbẹ. Mo wo ẹ̀yìn láti inú ọkọ̀ títí n kò fi rí i mọ́. Awakọ̀ tó gbé mi wá náà ló gbé mi padà. Ó rí i pé èmi nìkan ni, kò sì bi mí ní nǹkan kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí mo délé. Àwọn ará ilé ti tò síta láti kí i káàbọ̀. Mo sọ fún wọn pé kò wá, mo sì sọ ìdí rẹ̀, n kò fi ọ̀kan bò. Ohun tí mo rí kọ́ lọ́nà kò pọ̀: nígbà tí èèyàn bá ń dúpẹ́ ohun tí wọ́n fún un, kó tún wádìí ẹni tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀.

Mo gbé búrẹ́dì wọ inú yàrá tí a kùn, mo jókòó sí etí ibùsùn tuntun, mo tú ọ̀rá. Abẹ́ búrẹ́dì náà ni sáṣẹ́ẹ̀tì wà, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e ní àárín gbọnrangandan.

Mo pè é.

Mo ní, "Bọ̀dá, mo ti rí i. Awakọ̀ máa gbé e padà wá fún yín lọ́la."

Ó ní, "Kí ni ìwọ máa lò?"

"Olùkọ́ kan ń wá ilé ládùúgbò wa. Mo fẹ́ fi yàrá yín háyà fún un. Owó rẹ̀ ni n ó máa fi ra tèmi."

Mo ń gbọ́ àwọn mẹkáníìkì Muṣin tí wọ́n ń lu irin lẹ́yìn rẹ̀.

"Yàrá tí Bàbá fún mi?"

"Òun ni, Bọ̀dá. Ẹ máa lo oògùn yín ní odindi."

Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀.

Ó ní, "Sọ fún olùkọ́ náà kó má kan ìṣó mọ́ ògiri o. Ọ̀dà tuntun ni."